Ajá Tí Màmá Kọ̀ Láti Fi Sílẹ̀ Lẹ́ẹ̀kejì

Lẹ́yìn ìsìnkú Màmá, ọ̀rọ̀ kan ló gba ẹnu àwọn ẹbí wa. Wọ́n ní ajá ni kò jẹ́ kí Màmá lọ sí ìlú Ọba, àti pé ká ní wọ́n lọ ni, wọn kì bá tí kú. Mo gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ, mo gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan tí kò tilẹ̀ mọ àwọ̀ ajá náà.  Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ yẹn, ẹ̀rí tó wà fún ọ̀kan kò sì sí fún èkejì. Òótọ́ ni pé ìwé ajá ló dá ìrìn àjò dúró. Ṣùgbọ́n pé ìlú Ọba ì bá wo ọkàn Màmá sàn, dókítà tó ń tọ́jú wọn ní Òṣogbo kò sọ bẹ́ẹ̀, èmi sì ni mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ. Ohun tí dókítà sọ ni pé kí wọ́n sinmi, kí wọ́n máa lo oògùn wọn, kí wọ́n má rìn jìnnà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oògùn nìkan ni Màmá gbà.

Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi. Ọmọ Ìfọ́n ni wọ́n, Ìlobù ni wọ́n ti lọ́kọ, iṣẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mi ò lè kọ ìtàn ayé wọn, nítorí apá ìparí rẹ̀ nìkan ni mo fi ojú ara mi rí. Nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tí mi ò ríṣẹ́, bàbá mi ní kí n lọ gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ìlobù fún oṣù díẹ̀. Oṣù díẹ̀ yẹn di ọdún méjì. Bí ẹnì kan bá bi mí ní ohun tí mo fi ọdún méjì náà ṣe, ìdáhùn tó sún mọ́ òótọ́ jù ni pé mo ń ṣe ìwé ajá.

Ajá pupa rúsúrúsú ni, etí kan nà sókè, èkejì rọ̀ sílẹ̀. Àbúrò Màmá tó ń gbé ní Ìfọ́n, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìfọ́n, ni wọ́n gbé e wá fún wọn nígbà tí kò tíì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Màmá sọ ọ́ ní Sùúrùlérè.

Ẹni tó bá dàgbà sí àdúgbò wa mọ̀ pé orúkọ ajá kì í ṣe ti ajá. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ ọ́, tí o kò sì fẹ́ kí ó di ariwo, wàá wá ọ̀rọ̀ tó bá onítọ̀hún mu, wàá fi sọ ajá rẹ, wàá sì máa pe ajá náà kíkankíkan nígbà tí ó bá ń kọjá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á gbọ́. Bàbá mi ni Sùúrùlérè ń bá wí, nítorí wọ́n fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìtíì rí òmíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ajá lórúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí síbẹ̀. Ti Màmá yàtọ̀. Bí ìjà bá yí, orúkọ á yí. Àwọn ọmọ wọn sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe pẹ̀lú gbogbo ajá tí wọ́n ti sìn rí.

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí Màmá kan náà ni wọ́n ní ó máa ń na akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ orúkọ ara rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè.

"Àwọn ọmọ yẹn máa jókòó ṣe ìdánwò, Àbẹ̀kẹ́. Ìdánwò wo ni ajá fẹ́ ṣe?"

Mo ṣe àyẹ̀wò tèmi náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo fi orúkọ mẹ́rin pe ajá náà, tèmi wà lára rẹ̀. Ó jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìjà tó yí orúkọ náà padà lójú mi bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n tún ti ru sókè, ara kò rọ ẹnikẹ́ni. Ìyá Bọ́sẹ̀, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ń sọ fún àwọn tó tò pé kò sí ẹni rere kan ní Ìfọ́n. Wọn ò mọ̀ pé Màmá wà lẹ́yìn pẹ̀lú korobá.  Màmá pọn omi, wọ́n kí gbogbo èèyàn, wọ́n wá sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn wọn níwájú ilé.

"Ẹbiarayín! Ẹbiarayín, wá jẹun!"

Kò pẹ́ tí Ìyá Bọ́sẹ̀ jáde, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé kì í ṣe èmi lẹ̀ ń bá wí?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, Ìyá Bọ́sẹ̀. Ajá mi ni mò ń pè."

"Ajá yín tó ń jẹ́ Sùúrùlérè lánàá?"

"Sùúrù yẹn ti tán."

Mo rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Mi ò mọ̀ pé èmi ni yóò fi ara gba ẹ̀rín náà.

Ẹni tó fẹ́ mú Màmá lọ ni àbíkẹ́yìn wọn, Àǹtí Dúpẹ́, tí wọ́n ti wà ní ìlú Ọba fún ọdún mọ́kànlá láìwálé. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwé ìgbélùú ni kò jẹ́ kí wọ́n wá. Lẹ́yìn náà ó di ọmọ, ó di iṣẹ́, ó di pé ọ̀nà Ìlobù kò fara rọ. Mi ò sọ pé irọ́ ni ìkankan nínú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pe Màmá lórí fóònù tí a ti ń rí ojú ara wa. Nígbà tí ọkàn Màmá bẹ̀rẹ̀ wàhálà, Àǹtí ní kí wọ́n máa bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ àwọn. Màmá ní ó dáa, àwọn àti ajá àwọn ni àwọn ń bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ajá kọ́. Onílé wa ò fẹ́ ajá."

"Ìwọ tí o sọ fún mi pé lórí ibùsùn ni ajá ń sùn níbẹ̀?"

"Ajá tiwọn nìyẹn, Màmá."

"Tèmi náà á kọ́ ọ. Kò ju oorun lọ."

Àǹtí bínú, Màmá náà bínú. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo ń gbé fóònù láti ọwọ́ ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ sí etí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Nígbà tó yá, Àǹtí bá onílé sọ ọ́, onílé gbà. Wọ́n wá pè mí, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo kàwé jù ńbẹ̀. Wá bí ajá ṣe ń wọ ìlú Ọba."

Bó ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyí. Dókítà ẹran á fi abẹ́rẹ́ ti hóró kékeré kan, tí kò ju ìrẹsì lọ, sí abẹ́ awọ ọrùn ajá. Nọ́ńbà wà nínú hóró náà, òun ni wọ́n fi ń dá ajá mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn dìgbòlugi. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣáájú hóró, asán ni. Tiwa ṣáájú, a sì tún un ṣe; Sùúrùlérè ni ajá ṣì ń jẹ́ nígbà náà, ìjà ẹ̀rọ omi kò tíì ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ajá, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí òkè òkun láti wò ó bóyá abẹ́rẹ́ náà ràn án. Bí èsì bá dáa, ẹ ó dúró fún oṣù mẹ́ta gbáko láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Màmá ni ajá náà ń gbé, kò sí ohun tí oṣù mẹ́ta náà fi kàn án. Èmi ni mò ń ka ọjọ́.

Nítorí kí ni Màmá kò fi lè fi ajá sílẹ̀? Mo bi wọ́n, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ohun tí mo kọ yìí, ẹnu Màmá àti ẹnu Ìyá Bọ́sẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mi ò tíì dé Ìlobù nígbà náà, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn méjèèjì bára mu. Nígbà kan tí ìjà ilẹ̀ gbóná, bàbá mi rán ọkọ̀ wá kó Màmá lọ sí Òṣogbo. Awakọ̀ ní ọkọ̀ ti kún, òun ò gbé ajá. Màmá wọlé sínú ọkọ̀. Ajá sáré tẹ̀ lé wọn dé ibi tí ilé parí sí, ó sì dúró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Màmá lò ní Òṣogbo. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ padà sí àdúgbò, àwọn ló sì rí ajá náà lẹ́nu ọ̀nà Màmá, ó ti gbẹ, ó dùbúlẹ̀ lé sálúbàtà tí Màmá bọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́, ó sì padà sórí sálúbàtà.

Mo sọ fún Màmá pé ajá tó bá rí oúnjẹ kì í rántí nǹkan pẹ́. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó gba òdo.

"Mo ti fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó."

Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Bí wọ́n bá ti pinnu ohun kan, àlàyé kò wúlò mọ́, àwọn tó yí wọn ká ni yóò máa sáré. Àwọn tó ń gbé ẹran wọ bàálù ní kéèjì tí ajá á wọ̀ gbọ́dọ̀ gbà á ní ìdúró, kó sì lè yí ara rẹ̀ ká nínú rẹ̀. Mo fún káfíńtà ní ìwọ̀n. Ó kàn án, ó péye, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Màmá dé ibẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti orí bọ inú rẹ̀ títí dé èjìká, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní kó tú u palẹ̀. Káfíńtà ní, "Màmá, ajá mà ni, kì í ṣe ọba." Wọ́n ní kó wọ inú rẹ̀ kó sùn kí àwọn wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tú kéèjì yẹn.

"Ohun tí ìwọ ò lè sùn nínú rẹ̀, má kàn án fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ wa.

Mo wá dé ibi tó ń dùn mí jù. Kì í ṣe Màmá nìkan ló jẹ̀bi níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ gba ẹ̀jẹ̀ ajá, fóònù mi dún, wọ́n ń pè mí nítorí iṣẹ́ kan tí mo kọ̀wé fún. Mo bọ́ síta. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni mo lò. Nínú ìṣẹ́jú yẹn ni dókítà ẹran bi Màmá ní orúkọ ajá láti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, Màmá sì dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mi ò yẹ fọ́ọ̀mù náà wò. Èmi tí mo máa ń yẹ gbogbo nǹkan wò. Èsì dé láti òkè òkun, ó dáa gan-an, a dúró fún oṣù mẹ́ta, físà Màmá jáde, mo sì kó gbogbo ìwé lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé ẹran tó ń lọ sí òkè òkun. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ gbé ìwé méjì kalẹ̀ níwájú mi. Lórí ìwé abẹ́rẹ́, Sùúrùlérè. Lórí èsì ẹ̀jẹ̀, Ẹbiarayín.

"Ajá méjì lẹ ní?"

"Rárá sà, ẹyọ kan ni. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ni. Nọ́ńbà hóró ọrùn rẹ̀ ọ̀kan náà ni lórí ìwé méjèèjì, ẹ wò ó sà."

"Orúkọ méjì, ajá méjì."

"Sà, ajá kan náà ni."

"Ajá ló sọ fún ẹ?"

Mo dúró níbẹ̀ fún wákàtí méjì. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ó ní kí a lọ tún ẹ̀jẹ̀ gbà, kí orúkọ bára mu. Ìyẹn ni pé oṣù mẹ́ta tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Mi ò tíì gbé ohùn sókè sí Màmá rí, mi ò sì gbé e sókè lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo sọ ohun tó wà nínú mi. Mo ní, "Màmá, orúkọ tí ẹ fi bá Ìyá Bọ́sẹ̀ jà ti jẹ oṣù mẹ́ta wa. Kí lẹ rí gbà níbẹ̀?"  Wọ́n wo ajá. Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ orúkọ ni wọ́n ń fẹ́, màá fún wọn ní èyí tí mi ò ní yí mọ́. Fún mi láyè kí n rò ó." Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rò ó, dókítà ẹran ń dúró, mo ń gé èékánná mi jẹ. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ní kí n kọ Ọ̀nàòjìn.

Mo ní kí dókítà ẹran kọ ọ́ sórí gbogbo ìwé, títí kan ti abẹ́rẹ́, a sì tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Mi ò bèèrè ẹni tó ń bá wí, nítorí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí ìjà ilẹ̀ ti gbóná, Bàbá Ìfọ́n kò wá sí Ìlobù mọ́, wọn ò sì ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, Ìlobù àti Ìfọ́n fara kanra. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn orúkọ tuntun náà, mo jí, mo bá Màmá nínú aṣọ àtàtà, okùn ajá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ń lọ dágbére fún àbúrò àwọn. Mo ní kí n pe ọ̀kadà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni àwọn fẹ́ fi rìn. Mo rán wọn létí ohun tí dókítà sọ. Wọ́n ti dé títì.

Mo tẹ̀ lé wọn, inú ń bí mi, mo gbé ike omi àti oògùn dání. Nígbà náà, ẹsẹ̀ kò pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ làwọn èèyàn ń wọ̀ kọjá, wọ́n sì ń gbé gíláàsì sókè. Màmá ń rìn láàárín ojú pópó, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí ní ìhà méjèèjì, wọ́n sì ń pe ajá bí ẹni pé ó jìnnà sí wọn. Nígbà tí a dé, Bàbá Ìfọ́n dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ lẹ fi rìn wá?"

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n kọjú sí ajá. "Ọ̀nàòjìn, jókòó. Ọ̀nàòjìn, má gbó mọ́, ilé ni. Ọ̀nàòjìn, wá mu omi."

Bàbá Ìfọ́n ń wo ilẹ̀. "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí ajá sinmi."

"Kò rẹ ajá. Èmi ló rẹ̀."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ìfọ́n wá sí Ìlobù pẹ̀lú iṣu mẹ́fà. Wọ́n jẹun, wọ́n pẹ́. Mo kà á sí pé orúkọ náà ti ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Màmá kú ní ọ̀sẹ̀ kẹfà nínú oṣù mẹ́ta kejì, ní àárọ̀, lórí àga wọn níwájú ilé. Wọ́n ti lo oògùn wọn. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀, nítorí ajá ń gbó, Màmá ò sì pè é. Nígbà ìsìnkú, èmi ni mo gbé fóònù sókè kí Àǹtí Dúpẹ́ lè rí i. Iṣẹ́ ò fún wọn láyè. Apá ń ro mí, mi ò sì lè gbé e wálẹ̀.

Ọjọ́ ń lọ, oṣù mẹ́ta pé. Mo lọ sí ọ́fíìsì yẹn, ọ̀gá náà yẹ ìwé wò, ó fọwọ́ sí i, kò bi mí ní nǹkan kan. Èmi ò ní físà. Bàbá mi ò ní. Ti Màmá wà nínú àpótí, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ilé wa, ajá nìkan ni ìwé rẹ̀ pé.

Àǹtí Dúpẹ́ ní kí n fi ajá náà ránṣẹ́ sí àwọn, òun nìkan ló kù fún àwọn lára ìyá àwọn.  Mo ya àwòrán àwọn ìwé náà, mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n pè mí.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ló sọ ajá yìí ní Ọ̀nàòjìn?"

"Màmá ni mà. Kò ju bí oṣù méjì lọ kí wọ́n tó kú."

"Ta ni wọ́n fi ń bá wí?"

Mo ní ìdáhùn, mo sì ní ẹ̀rí. Mo sọ nípa Bàbá Ìfọ́n, mo sọ nípa ìrìn wa, mo sọ ohun tí Màmá wí lórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá Ìfọ́n sì wá?"

"Wọ́n wá mà, ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e."

"Ṣé Màmá wá yí orúkọ náà?"

Mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. "Wọn ò yí i mà. Nítorí ìwé ni. Wọ́n ní èyí làwọn ò ní yí mọ́."

"Ta ló máa gba ìwé yẹn kà, Àbẹ̀kẹ́?"

Ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé náà ti ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀.  Ohùn wọn ti yàtọ̀. "Má fi ránṣẹ́ mọ́. Mò ń bọ̀."

Mi ò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Àǹtí Dúpẹ́ ni Màmá ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ Bàbá Ìfọ́n, ó lè jẹ́ àwọn méjèèjì. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ẹnu Màmá wà létí ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn ì bá sì sọ. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé ajá, wọ́n sì fi mí ṣe ẹni tó ń gbé ìwé.

Àǹtí kò tíì dé. Wọ́n ṣì ń sọ pé àwọn ń bọ̀, mi ò sì tíì rí tíkẹ́ẹ̀tì. Adìẹ ń yé ẹyin sínú kéèjì. Ajá wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí Àǹtí bá pè ní ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń kí wọn dáadáa, lẹ́yìn náà màá kọjú sí ìta, màá pe ajá, màá sì pè é ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi mí bóyá àwọn ni mò ń bá wí.

Mo ní, "Rárá mà. Ajá wa ni mò ń pè."